Dátábéèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníbàárà 140 lórí sáfà PostgreSQL kan: ìsopọ̀ ń kún, migration ń já láàárín

akọ́wé_oògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí wa.

Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwia tí a fi ń sin àwọn ilé ìtajà oògùn ni mo gbé wá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà pátápátá: ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún wọn. Django (ohun èlò Python fún kíkọ sọ́fítíwia orí íntánẹ́ẹ̀tì) la fi kọ ọ́. Kóòdù kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ní dátábéèsì tirẹ̀ lórí sáfà PostgreSQL 16 (sọ́fítíwia tó ń ṣàkóso dátábéèsì) kan tó ní CPU 4 àti RAM 16 GB. Ilé ìtajà ti di 140. Àtẹ 90 ló wà nínú dátábéèsì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù kò kọjá 40 MB. Èyí tó tóbi jù, tó ní ẹ̀ka 11, ti tó 38 GB.

Láàárọ̀, láti agogo mẹ́jọ tí gbogbo wọn bá ti ṣílẹ̀kùn, `FATAL: sorry, too many clients already` ló máa ń jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni max_connections (iye ìsopọ̀ tí sáfà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà) ti wà ní 300. Bí a bá fẹ́ ṣe migration (yíyí ìrísí àwọn àtẹ padà), script kan ló ń tò wọ́n lọ láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Bó bá já ní ìdajì ọ̀nà, àwọn kan á ti ní column tuntun, àwọn yòókù kò ní ní, kóòdù tuntun á sì máa kọsẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀kẹta ni pé oníbàárà kan pa orúkọ gbogbo àwọn tó ń kó ọjà fún un rẹ́, ó ní kí a dá ti àná padà fún òun nìkan. Snapshot tó wà lọ́wọ́ wa sì rèé, sáfà lódindi ló ń dá padà.

Ṣé kí a da gbogbo wọn pọ̀ sínú dátábéèsì kan, kí a fi tenant_id (nọ́ńbà oníbàárà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan) yà wọ́n? Àbí kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní schema tirẹ̀ (bíi yàrá ọ̀tọ̀ nínú dátábéèsì kan náà)? Àbí kí a dúró síbi tí a wà?

ẹ̀gbọ́n_sáfà

Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Dátábéèsì 140 kò pọ̀ fún PostgreSQL rárá. Èyí tó ṣófo kò gbà ju bíi 7 MB lọ. Ìsopọ̀ ló ń dà yín láàmú, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro.

Ìsopọ̀ PostgreSQL, inú dátábéèsì kan ṣoṣo ló máa ń wà títí yóò fi kú. Kò lè jáde nínú ti oníbàárà kan kó wọ ti ẹlòmíràn. Ẹ lọ wo CONN_MAX_AGE (iye ìṣẹ́jú àáyá tí Django fi ń di ìsopọ̀ mú) nínú settings yín. Bó bá jẹ́ 600, worker kọ̀ọ̀kan (ẹ̀dà kóòdù Django tó ń ṣiṣẹ́) á di ìsopọ̀ kan mú fún gbogbo dátábéèsì tó bá ti fọwọ́ kàn, á sì mú un dání fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Worker 8 lọ́nà dátábéèsì 140, ìyẹn lè dé 1,120. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ process tirẹ̀ lórí sáfà, ó ń jẹ RAM bó tilẹ̀ jókòó lásán. Gbígbé max_connections sókè sí 1,500 lórí RAM 16 GB kò ní yanjú ẹ̀, ńṣe ni ẹ máa sún wàhálà síwájú.

Ẹ fi PgBouncer (sọ́fítíwia tó ń tọ́jú ìsopọ̀ díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń lò pọ̀, ìyẹn pool) sáàárín Django àti PostgreSQL, kí ẹ dá CONN_MAX_AGE padà sí 0. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: iye tí ẹ bá kọ sí default_pool_size, ti dátábéèsì kan àti user kan ni, kì í ṣe ti gbogbo sáfà. 20 ló máa ń wà níbẹ̀ bí ẹ kò bá yí i. 20 lọ́nà 140 jẹ́ 2,800. Ilé ìtajà tó ní kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta kò nílò ju ìsopọ̀ kan lọ, nítorí query wọn (ìbéèrè sí dátábéèsì) kì í pẹ́:

```
[databases]
t_000012 = host=127.0.0.1 pool_size=15
* = host=127.0.0.1

[pgbouncer]
listen_port = 6432
pool_mode = transaction
default_pool_size = 1
reserve_pool_size = 1
reserve_pool_timeout = 3
server_idle_timeout = 60
max_client_conn = 2000
max_prepared_statements = 100
```

t_000012 ni kí ẹ fi ṣe oníbàárà ńlá yẹn. Ìlà tó ní ìràwọ̀ ló ń gbà yín lọ́wọ́ kíkọ orúkọ dátábéèsì 139 yòókù. Lọ́jọ́ gbogbo, ìsopọ̀ gidi kò ní ju 139 + 15 lọ, ìyẹn 154. reserve_pool máa ń fi ẹyọ kan kún un bí ẹnì kan bá ti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. server_idle_timeout tó jẹ́ 600 tẹ́lẹ̀ ti di 60, kí èyí tí kò ṣiṣẹ́ tètè kúrò nílẹ̀.

max_client_conn 2000 kò ní ṣiṣẹ́ bí LimitNOFILE nínú systemd (iye fáìlì àti ìsopọ̀ tí process lè ṣí) bá ṣì wà ní 1024, ẹ gbé e sókè. Àwọn ìròyìn gígùn, bí àpapọ̀ ọjà ọdún kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba inú pool oní-ìsopọ̀-kan kọjá, torí ẹni tó ń tajà lórí káńtà á máa dúró dè wọ́n. Ẹ fún wọn ní user tiwọn, pool tiwọn á sì yàtọ̀. Nínú Django, DISABLE_SERVER_SIDE_CURSORS gbọ́dọ̀ jẹ́ True, torí cursor (ohun tó ń ka èsì query díẹ̀díẹ̀) tó bá kọjá transaction kan (àkópọ̀ àṣẹ tó ń parí pọ̀) kò ní rí ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́. LISTEN, advisory lock ti session, àti `SET` lásán, gbogbo wọn ló máa ń bàjẹ́ ní transaction mode, níbi tí ìsopọ̀ ti ń padà sínú pool bí transaction bá parí. max_prepared_statements nílò PgBouncer 1.21 sókè. Port 5432, ti PostgreSQL fúnra rẹ̀, gan-an ni kí migration máa gbà, kí ó fo PgBouncer.

Nǹkan kékeré kan tí àwọn ènìyàn kì í rántí: autovacuum (iṣẹ́ tí PostgreSQL fi ń gbá ìlà òkú kúrò). naptime rẹ̀ (àkókò tó fi ń sinmi) jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó sì ń pín in sí iye dátábéèsì tó wà. Pẹ̀lú 140, ó ń gbìyànjú láti tají ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé autovacuum_naptime sí `5min`.

àǹtí_sql

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí pool, àmọ́ ọ̀rọ̀ user kù síbẹ̀. Bí user kan ṣoṣo bá ń wọ dátábéèsì 140, ilẹ̀kùn 140 ni ẹ ní pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan. Àṣìṣe kékeré nínú router Django (apá tó ń yan dátábéèsì) á fi ọjà ilé ìtajà kan han òmíràn, PostgreSQL kò sì ní bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní role (user) tirẹ̀:

```
CREATE ROLE t_000087_app LOGIN PASSWORD '...';
REVOKE CONNECT ON DATABASE t_000087 FROM PUBLIC;
GRANT CONNECT ON DATABASE t_000087 TO t_000087_app;
```

Ìlà kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. PUBLIC ní ẹ̀tọ́ CONNECT sí gbogbo dátábéèsì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà role tuntun láìsí REVOKE kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀. Kí role yìí má jẹ́ ẹni tó ni àwọn àtẹ. Role mìíràn tí migration ń lò ni kó ni wọ́n. Ní ti PgBouncer, ẹ lo auth_query (tí ń pe function kan láti wá password nínú dátábéèsì), kí ẹ má baà máa kọ password 140 sínú fáìlì. Kí ẹ sì fi auth_dbname tọ́ka sí dátábéèsì kan pàtó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú dátábéèsì tí oníbàárà fẹ́ wọ̀ ni yóò ti máa wá function náà, ẹ ó sì ní láti fi function yẹn sínú gbogbo 140.

Ó kan migration. Kí script tó mọ ibi tó ń lọ, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tó ń wò. Ẹ ṣe dátábéèsì kékeré kan lọ́tọ̀, kí àtẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ tenants: id, db_name, host, schema_version (ẹ̀yà ìrísí àtẹ tí oníbàárà wà), status, last_error. Ibẹ̀ nìkan ni kóòdù ti máa wo ibi tí oníbàárà wà. Ẹ má fi orúkọ ilé ìtajà sọ dátábéèsì lórúkọ. Orúkọ á yí padà lọ́la, ààmì ohùn á dà á rú, PostgreSQL kò sì gba orúkọ tó bá ju báìtì 63 lọ. Ńṣe ló máa gé e. t_ pẹ̀lú nọ́ńbà ti tó.

Ohun tó ń mú kí ìdajì ọ̀nà burú ni pé kóòdù tuntun kò lè bá dátábéèsì àtijọ́ gbé. Ẹ pín àyípadà sí méjì. Ìpele kìíní, kí ẹ fi column kún, kó gba NULL tàbí kó ní DEFAULT tí kì í yí padà. Láti PostgreSQL 11, irú DEFAULT bẹ́ẹ̀ kì í tún àtẹ kọ, nítorí náà kì í pẹ́. Kóòdù tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ yálà column náà wà tàbí kò sí. Nínú Django, èyí túmọ̀ sí pé ẹ kò tíì ní kọ field náà (orúkọ column nínú kóòdù) sínú model (àpèjúwe àtẹ nínú kóòdù), torí Django máa ń pe gbogbo column ní orúkọ nínú SELECT. Ìgbà tí schema_version gbogbo 140 bá ti dọ́gba ni ẹ tó gbé field jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyọ column kúrò, àmọ́ ní ìdàkejì: field kọ́kọ́ kúrò nínú kóòdù, column tẹ̀lé e ní ẹ̀yà tó ń bọ̀.

Bí script yóò ṣe rìn: dátábéèsì ìdánwò, lẹ́yìn náà oníbàárà méjì tó kéré, ẹ dúró wò ó, kí ẹ tó máa mú àwọn yòókù ní mẹ́rin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. CPU 4 lẹ ní, ẹ má kọjá ìyẹn. Kí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ `SET lock_timeout = '3s'`. ALTER TABLE (àṣẹ tó ń yí àtẹ padà) ń wá lock (títi àtẹ pa) tó le jù. Bó bá bá SELECT gígùn kan lẹ́nu iṣẹ́, ó máa dúró, gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á sì tò sẹ́yìn rẹ̀, títí kan àwọn tó kàn fẹ́ kàwé. Ìyẹn ni ilé ìtajà fi ń sọ pé ojú ẹ̀rọ àwọn dúró gbagidi. Pẹ̀lú lock_timeout, ó máa já, ẹ ó tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, bó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ `failed` àti àṣìṣe náà sínú tenants, kí ẹ kọjá sí èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá kùnà tẹ̀léra, kí script dúró; kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníbàárà kan mọ́ nìyẹn.

CREATE INDEX CONCURRENTLY (tó ń ṣe index, atọ́ka tó ń mú query yá, láìdá iṣẹ́ dúró) kì í gbé inú transaction. AddIndexConcurrently ni kí ẹ lò, kí migration náà ní `atomic = False`. Bó bá já, ó máa ń fi index òkú sílẹ̀, tí ń gba ààyè tí query kì í sì lò. Ẹ máa wá a:

```
SELECT indexrelid::regclass FROM pg_index WHERE NOT indisvalid;
```

Kí ẹ DROP rẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe.

Fún oníbàárà tuntun, `CREATE DATABASE t_000141 TEMPLATE tpl_app` (tpl_app ni dátábéèsì àwòṣe tí a ń dà kọ) yá ju kí migration bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà nínú tpl_app lásìkò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó rí `source database "tpl_app" is being accessed by other users`. Kí tpl_app fúnra rẹ̀ sì ní ìlà tirẹ̀ nínú tenants, kí migration lè máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, oníbàárà tuntun á wọlé pẹ̀lú ìrísí àtẹ ti oṣù tó kọjá.

aṣọ́_dátà

Ẹ jẹ́ kí n mú ti backup, torí òun ni mo rí pé ó yẹ kó pinnu ìbéèrè yín gan-an. Dátábéèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ lè dá ti ẹnì kan ṣoṣo padà. Bí ẹ bá da wọ́n pọ̀, ẹ ti ta àǹfààní yẹn.

Snapshot àti WAL (àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà), ti sáfà lódindi ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi WAL dá dátábéèsì kan padà sí agogo mẹ́ta ọ̀sán àná kí àwọn 139 yòókù má mọ̀. Ọ̀nà tó wà ni kí ẹ dá sáfà lódindi padà sórí ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ yá fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ fi pg_dump (àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì kan) mú dátábéèsì ẹni yẹn nìkan níbẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìgbà tí wákàtí gan-an bá ṣe pàtàkì. Fún “ẹ dá ti àná padà”, pg_dump alaalẹ́ fún dátábéèsì kọ̀ọ̀kan ti tó:

```
pg_dump -Fc -f t_000087.dump t_000087
pg_dump -Fd -j 4 -f t_000012.dir t_000012
pg_dumpall --globals-only > roles.sql
```

Ìlà kejì jẹ́ ti oníbàárà 38 GB. Ìlà kẹta kò ṣeé fojú fò: role àti password kì í sí nínú pg_dump, torí ti sáfà ni wọ́n. Ní ọjọ́ tí sáfà bá kú, ẹ ó ní dátà, ẹni tí yóò wọlé síbẹ̀ ni kò ní sí.

Ẹni tó pa orúkọ rẹ́ yẹn, ẹ má restore lé orí dátábéèsì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láéláé. Ọjà tó tà láti àárọ̀ á lọ. Ẹ ṣe `createdb t_000087_r`, kí ẹ fi `pg_restore --no-owner -j 4 -d t_000087_r t_000087.dump` tú u síbẹ̀, kí ẹ wá fi méjèèjì wé ara wọn. Àwọn ìlà tó sọnù nìkan ni ẹ máa kó kọjá. Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ wo on_delete (ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlà tó so mọ́ èyí tí a pa rẹ́) nínú model yín. Bó bá jẹ́ CASCADE, orúkọ ẹni tó ń kó ọjà wá nìkan kọ́ ló lọ. Ìwé ìrajà rẹ̀ àti àwọn ohun tó wà lórí ìwé náà ti bá a lọ. Ẹ dá ti àtẹ òkè padà kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, kí foreign key (ìtọ́ka láti àtẹ kan sí òmíràn) má baà kọ̀. Fún irú àtẹ báyìí, PROTECT, tí kì í jẹ́ kí a pa á rẹ́, ló yẹ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí script mú dátábéèsì kan láìyàn, kó tú u, kó ka iye ìlà inú àtẹ márùn-ún tó ṣe pàtàkì, kó fi wé ti dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́. Backup tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò rí, kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ilé ìtajà oògùn sì ń tọ́jú orúkọ aláìsàn àti oògùn tó ń lò. Lábẹ́ òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023, ìròyìn ìlera wà lára àwọn tí òfin mú lókùnkúndùn. Bí dátà bá jáde tó lè ṣe ènìyàn ní ìjàǹbá, ilé ìtajà ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tètè sọ fún wọn. Bí oníbàárà bá kúrò, `DROP DATABASE t_000087 WITH (FORCE)` kò pa èyí tó wà nínú backup rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn iye ọjọ́ tí backup yóò fi wà.

akọ́wé_oògùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó ti yé mi pé kí a má tú ilé ká. Méjì ló kù. Ilé ìtajà kékeré tó ń gbìyànjú lọ́fẹ̀ẹ́ ń bọ̀, wọ́n lè tó 1,000, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní dúró. Ṣé àwọn náà á ní dátábéèsì tiwọn? Oníbàárà 38 GB yẹn náà ń fẹ́ sáfà tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró.

àǹtí_sql

Àwọn tó ń gbìyànjú, ẹ kó wọn pọ̀ sínú dátábéèsì kan. Ẹ má lo schema. Àtẹ 90 fún oníbàárà kan, pg_dump sì ń di gbogbo àtẹ mú lẹ́ẹ̀kan náà. max_locks_per_transaction jẹ́ 64, lọ́nà max_connections 300, ó jẹ́ 19,200; oníbàárà 220 á ti kọjá ìyẹn, `out of shared memory` ni ẹ ó máa rí láàrin òru. `SET search_path`, tó ń yan schema, tún máa ń ṣẹ́ kù sórí ìsopọ̀ nínú transaction mode, ẹni tó bá gba ìsopọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀ á wọ yàrá ẹlòmíràn.

Ẹ fi tenant_id sínú gbogbo àtẹ, títí kan ti àwọn tó ní dátábéèsì tiwọn, kí kóòdù lè jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tan row level security (òfin tó ń pinnu ìlà tí user lè rí):

```
ALTER TABLE sales ENABLE ROW LEVEL SECURITY;
ALTER TABLE sales FORCE ROW LEVEL SECURITY;
CREATE POLICY ti_onibaara ON sales
  USING (tenant_id = current_setting('app.tenant_id')::int);
```

Láìsí FORCE, ẹni tó ni àtẹ náà kò rí òfin yìí rárá. Superuser àti role tó bá ní BYPASSRLS máa ń fo ó nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ má fi wọ́n ṣe user kóòdù. Nínú transaction kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ pe `SELECT set_config('app.tenant_id', '87', true)`, `true` yẹn ló ń jẹ́ kó parẹ́ bí transaction bá parí. Bí kóòdù bá gbàgbé rẹ̀, àṣìṣe ló máa jáde, kì í ṣe dátà ẹlòmíràn. Ẹ má fi paramita kejì `true` sí current_setting láti pa àṣìṣe náà lẹ́nu mọ́. A fẹ́ kó pariwo.

View (query tí a fún ní orúkọ bí àtẹ) nílò `security_invoker = true`, tó wọlé ní PostgreSQL 15; láìsí i, ẹ̀tọ́ ẹni tó ni view ni yóò lò. Unique (òfin pé iye kan kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì) gbọ́dọ̀ di (tenant_id, barcode), torí ilé ìtajà méjì á ta paracetamol kan náà. Index náà, kí tenant_id ṣáájú nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá sanwó, ẹ kó ìlà rẹ̀ lọ sí dátábéèsì tuntun láti tpl_app, kí ẹ sì yí db_name rẹ̀ padà nínú tenants.

ẹ̀gbọ́n_sáfà

Ti oníbàárà ńlá: logical replication (fífi àyípadà ránṣẹ́ sí sáfà mìíràn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀; publication ló ń fi ránṣẹ́, subscription ló ń gbà). Ẹ gbé wal_level sí logical (ó nílò kí ẹ tún PostgreSQL tan, ẹ ṣe é lóru). Ẹ fi `pg_dump --schema-only` gbé ìrísí rẹ̀ lọ sí sáfà tuntun, kí ẹ ṣe `CREATE PUBLICATION p12 FOR ALL TABLES` ní ti àtijọ́ àti `CREATE SUBSCRIPTION` ní ti tuntun, láti orí 5432 tààrà. Àtẹ tí kò bá ní primary key (column tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀), UPDATE àti DELETE á kọ̀ lórí rẹ̀ ní kété tí publication bá wà, ẹ wá wọn jáde ṣáájú. Kí migration kankan má lọ lásìkò náà, torí ALTER TABLE kì í bá replication lọ.

Roles, ẹ kó wọn láti inú roles.sql gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹ bá fi password kan náà dá role tuntun sílẹ̀, salt SCRAM rẹ̀ (iye tí a pò mọ́ password láti fi í pamọ́) á yàtọ̀, PgBouncer kò sì ní lè fi ohun tó gbà láti auth_query wọlé síbẹ̀.

Ìgbà tí srsubstate inú pg_subscription_rel bá ti di `r` (ó ti ṣetán) fún gbogbo àtẹ 90, ẹ wọ console PgBouncer, kí ẹ sọ `PAUSE t_000012`. Ó máa jẹ́ kí transaction tó wà lẹ́nu iṣẹ́ parí, àwọn tó kàn á dúró láìrí àṣìṣe. Ẹ wò ó pé confirmed_flush_lsn (ibi tí sáfà tuntun gbà dé) ti bá pg_current_wal_lsn() (ibi tí ti àtijọ́ kọ dé) tí ẹ kà lẹ́yìn PAUSE. Sequence (ohun tó ń fún ìlà tuntun ní nọ́ńbà) kì í bá replication lọ ní ẹ̀yà 16, ẹ fi setval gbé gbogbo wọn sí iye tó wà ní ti àtijọ́. Bí ẹ bá fo èyí, ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tà á mú duplicate key jáde. Ẹ yí host padà nínú ini, `RELOAD`, `RESUME t_000012`, kí ẹ yí i nínú tenants náà. Bí ẹ bá ti kọ gbogbo àṣẹ sílẹ̀ ṣáájú, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ DROP SUBSCRIPTION lọ́jọ́ náà gan-an. Slot (àmì ibi tí subscription kà dé lórí sáfà àtijọ́) tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ máa ń mú kí sáfà àtijọ́ pa WAL mọ́ títí dísìkì yóò fi kún, àwọn 139 tó kù níbẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Dátábéèsì àtijọ́, ẹ gba CONNECT lọ́wọ́ t_000012_app lórí rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pa á.